Ariwo Lójú Ọ̀nà Àkúrẹ́

Ariwo méjì ni mo ti gbọ́ lára Sienna ọdún 2005 wa kí a tó bọ́ nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Ìwó Road, n'Ìbàdàn. Àkúrẹ́ là ń lọ, níbi ìgbéyàwó àbúrò ìyàwó mi. Màmá mi jókòó sẹ́yìn pẹ̀lú àwọn ọmọ, ẹrù sì kún búùtù. Mẹkáníìkì kan ti yẹ ọkọ̀ náà wò lọ́sẹ̀ tó ṣáájú. Kò tilẹ̀ wà á dé títì tó fi ní kí n lọ ra ṣọ́ọ̀kì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wá. Inú bí mi. Ìgbà tí ariwo ń dún àti ìgbà tó ń dákẹ́ la fi ń mọ ibi tó ti ń wá. Ẹni tí kò bá tíì gbọ́ ìyẹn kò lẹ́tọ̀ọ́ láti ní kí èèyàn náwó.

Kí ilẹ̀ tó mọ́ ni mo ti fi àkísà wé jáàkì àti sípánà táyà ṣinṣin, torí irin tó bá tú sílẹ̀ nínú búùtù lè ṣini lọ́nà. Mo bẹ ìyàwó mi pé kó má tan rédíò.

Ariwo àkọ́kọ́ kò le. Bí a bá dúró, tí jíà wà ní D, tí ẹsẹ̀ mi sì wà lórí bíréèkì, páànù kan á máa dún kẹ̀rẹ̀kẹ̀rẹ̀ lábẹ́ wa. Mo sọ jíà sí fíríì, ó dákẹ́. Páànù tí wọ́n fi bo sàlẹ́ńsà kí ooru má baà jó ilẹ̀ ọkọ̀ ni; ìpẹtà ti jẹ ibi tí nọ́ọ̀tì ti dì í mú. Kílíìpù irin kan ló gbà.

Ẹgbẹ́dá ni èkejì ti sọ tẹnu rẹ̀. Bí táyà òsì nìkan bá wọ kòtò, á dún gbọ̀-gbọ̀. Bí táyà iwájú méjèèjì bá jọ gun bọ́m̀pù lẹ́ẹ̀kan náà, kò ní dún rárá. Ṣọ́ọ̀kì kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Irin kan wà tó so apá òsì mọ́ apá ọ̀tún kí ọkọ̀ má baà fì jù ní kọ́nà. Kì í ṣiṣẹ́ àfi bí táyà kan bá lọ sókè tí èkejì kò lọ. Lìǹkéèjì ló so irin náà mọ́ ẹsẹ̀ táyà, bọ́ọ̀lù kékeré inú rẹ̀ ló sì ti jẹ. Mo ti fi gbogbo ara tẹ iwájú ọkọ̀ náà mọ́lẹ̀ nílé: ó padà sókè, ó dúró jẹ́ẹ́. Èyí tí ṣọ́ọ̀kì rẹ̀ ti kú á máa jó lọ jó bọ̀. Ẹ wo owó tí à bá fi ra mẹ́rin!

A gun afárá odò Ọ̀ṣun kọjá ní Aṣejírè, ọ̀nà dán díẹ̀, mo sì sún eré sí 80. Ìgbà yẹn ni Màmá sọ̀rọ̀.

"Ọkọ mi, kí ló ń hùn báyìí?"

Mo ní táyà ni ó jọ. Ó mi orí. Ọ̀pọ̀ ọdún ni Màmá fi lọ ata fún àwọn aráàdúgbò. "Bẹ́ríìnì ẹ̀rọ mi máa ń hùn báyìí kó tó já."

Mo gbé ẹsẹ̀ sókè, ohùn náà rẹlẹ̀. Níbi tí ọ̀nà ti tẹ́jú tí kò sí ọkọ̀ lẹ́yìn wa, mo sọ jíà sí fíríì. Ẹ́ńjìnnì rọlẹ̀, híhùn kò yí padà. Kì í ṣe ti ẹ́ńjìnnì nìyẹn. Nígbà tí ọ̀nà yí sí òsì, tí ìwúwo ọkọ̀ bọ́ sí apá ọ̀tún, ó pariwo sí i. Nígbà tó yí sí ọ̀tún, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dákẹ́. Ẹsẹ̀ ọ̀tún ni. Mo rọra wa ọkọ̀ wọ Ìkirè, mo sì ní a ò lọ síwájú mọ́.

Àwọn ọmọ ń jẹ dòdò Ìkirè nígbà tí mẹkáníìkì ibẹ̀, ọmọkùnrin kan tí kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún, fi jáàkì gbé ọkọ̀. Ó mú orí táyà àti ìsàlẹ̀ rẹ̀, ó mì í: ó ń yẹ̀. Ó wá ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ gbọ́wọ́ lé sípíríǹgì yìí." Ó fi ọwọ́ yí táyà náà jẹ́jẹ́. Etí mi kò gbọ́ nǹkan kan, ṣùgbọ́n àtẹ́lẹwọ́ mi ń gbọ́ bí irin ṣe ń họ irin. Ó yí ti òsì, kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Omi ti ráyè wọ inú bẹ́ríìnì ọ̀tún, gíríìsì rẹ̀ ti tán.

Ilé-Ifẹ̀ ni wọ́n ti bá wa ra bẹ́ríìnì tuntun wá. Mi ò gba tòkunbọ̀, torí kò sẹ́ni tó mọ bí èyí tó ti wà nínú ọkọ̀ ẹlòmíì ṣe rìn tó. Ọmọkùnrin náà kò jẹ́ kí wọ́n fi òòlù kàn án wọlé. Ẹ̀rọ ìtẹ̀ ló lò, ó ní òòlù á ba ojú rẹ̀ jẹ́ kó tó rìn rárá. Ìrọ̀lẹ́ la wọ Àkúrẹ́, híhùn ti lọ, gbọ̀-gbọ̀ ṣì wà.

Ẹ ní kí mẹkáníìkì yín jókòó tì yín, kí ẹ jọ wà á jáde kó tó dárúkọ ohun tí ẹ ó rà. Páànù sàlẹ́ńsà lè dúró di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ṣùgbọ́n bí híhùn bá ń bá eré táyà lọ, tí fíríì kò pa á, ẹ má gbé ẹbí yín rin ọ̀nà jíjìn kí wọ́n tó fi jáàkì gbé ọkọ̀ náà.