Ọjọ́ Kan ní Ìlaròó, Ìjànná àti Ayétòrò

Ọ̀rẹ́ mi kan tí a jọ kàwé, tí ó ti ń gbé ní orílẹ̀-èdè Kòríà, ni ó wá kí mi nílé. A kò tíì jẹun tán tí ó fi bẹ̀rẹ̀ sí í ròyìn Gyeongju, ìlú tí í ṣe olú ìlú ìjọba Silla láyé àtijọ́. Ó ní ibojì àwọn ọba wà láàárín ìgboro, ó rí bí òkè kéékèèké tí koríko bò, àlejò sì ń rìn láàárín wọn. Ní àdúgbò Hwangnam, nítòsí àwọn ibojì náà, wọ́n ń ta búrẹ́dì kékeré kan tí ẹ̀wà pupa lílọ̀ wà nínú rẹ̀. Orúkọ àdúgbò náà ni búrẹ́dì ọ̀hún ń jẹ́, láti ọdún 1939 ni wọ́n sì ti ń ṣe é. Ó wá wò mí lójú, ó ní: "Ìwọ ńkọ́? Bí mo bá fún ọ ní ọjọ́ kan ní ilẹ̀ Yewa, kí ni o máa fi hàn mí, kí sì ni o máa fún mi jẹ?"

Ìbéèrè náà gún mi lára. Ìlaròó ni a bí mi sí, èdè àti àṣà ni mo sì ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ, síbẹ̀ n kò rí èsì fún un lójú ẹsẹ̀.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, a bẹ̀rẹ̀ láti ààfin Olú Ìlaròó. Mo sọ ìtàn Orónnà fún un, akọni tí ìlú ń ṣe ọdún rẹ̀ lọ́dọọdún. A kọjá níbi ojú irin tí ó ti Ìfọ̀ wá, tí ó gba Ìlaròó lọ sí Ìdogo. Kò sí ọkọ̀ kankan lórí rẹ̀ lọ́jọ́ náà, ọ̀rẹ́ mi kò sì sọ̀rọ̀ púpọ̀. Mo mọ̀ pé òkè tí koríko bò ni ojú rẹ̀ ń wá kiri.

Ìjànná ni ọkàn mi wà ní tèmi. Ìlú yìí kò jìnnà sí Ìlaròó, ṣùgbọ́n ẹni tí kò bá mọ ìtàn yóò kàn kọjá lọ ni. Níbẹ̀ ni Onísàrẹ́ ń gbé, ajẹ́lẹ̀ tí Aláàfin fi ṣọ́ ilẹ̀ Ẹ̀gbádò àti ọ̀nà òwò tí ó ti Ọ̀yọ́ Ilé lọ sí etí òkun. (Ẹ̀gbádò ni gbogbo wa ń jẹ́ kí a tó yí i padà sí Yewa ní ọdún 1995. Ẹ̀gbádò ni bàbá mi sì ń pe ara rẹ̀ títí ó fi re ibi àgbà ń rè.) Ní oṣù Kejìlá ọdún 1825, Clapperton gba ọ̀nà yìí láti Àgbádárìgì, òun àti Richard Lander ọmọ ọ̀dọ̀ rẹ̀. Lander tún gba ibẹ̀ padà pẹ̀lú àbúrò rẹ̀ ní ọdún 1830. Ogun ọ̀rúndún náà kò jẹ́ kí ìlú náà wà bí ó ti wà.

Mo rò ó tán. Ọ̀rẹ́ mi ní, "Níbo ni kí n ya fọ́tò rẹ̀?" Mo wo ọ̀tún, mo wo òsì. N kò rí pátákó kankan tí mo lè nàka sí.

Màmá kan wà nítòsí tí ó ń sá láfún sóòrùn. A kí i, ó sì dáhùn tìfẹ́tìfẹ́. Ó ní, "Ọ̀nà tí ẹ ń bèèrè, ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ dúró lórí rẹ̀." Ó wá fi iṣẹ́ rẹ̀ hàn wá: bí a ṣe ń bó gbágùúdá (ẹ̀gẹ́ tàbí pákí ni àwọn mìíràn ń pè é), tí a ń rẹ ẹ́ fún ọjọ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin títí yóò fi rọ̀, tí a ń fún omi rẹ̀ dànù, tí a ń sá a kí a tó lọ̀ ọ́. Rírẹ yẹn ló ń yọ oró ara rẹ̀ kúrò, òun ló sì ń fún un ní ìkan tí ẹnu wa mọ̀. Ọ̀rẹ́ mi kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀.

A gba Ìbèsè lọ sí Ayétòrò. Mo fi ilé ẹ̀kọ́ Comprehensive hàn án, èyí tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1963, àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní Nàìjíríà. Ṣùgbọ́n ebi ti ń pa wá. Àmàlà láfún funfun, ọbẹ̀ ewédú àti ata ni a jẹ ní búkà, pẹ̀lú wàrà dídín. Omi ewé bomubomu ni àwọn obìnrin Fúlàní fi ń mú wàrà yìí dì. Bí o bá rékọjá ibodè sí ilẹ̀ Benin, wagasi ni wọ́n ń pe ohun kan náà. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé fa ààlà ní ọdún 1889, Kétu bọ́ sí ọ̀hún, àwa bọ́ sí ìhín. Wàrà ní tirẹ̀ kò bọ́ síbì kan. Ọ̀rẹ́ mi bèèrè àwo kejì.

Nígbà tí ó ń padà lọ, ó di láfún Màmá Ìjànná sínú àpótí rẹ̀. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì ó pè mí. Ó ní òun ti rò ó fún àwọn ọ̀rẹ́ òun, wọ́n sì bi òun léèrè ibi tí ó ti wá, òun sì sọ ìtàn Onísàrẹ́ fún wọn. Mo bi í bóyá wọ́n gbádùn rẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ìtàn náà wọ̀ wọ́n létí, ṣùgbọ́n àmàlà náà kún fún kókó.