Ẹsẹ̀ Mẹ́ta Láàrin Họ́dù Méjì

Ọ̀gá tó kọ́ mi ní eré họ́dù kò tètè jẹ́ kí n sáré rárá. Rírìn ló ní kí n máa rìn. Á to họ́dù, ìyẹn igi ìdábùú téèyàn ń sá kọjá lórí rẹ̀, bíi mélòó kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá Liberty n'Íbàdàn, á rẹ̀ wọ́n sílẹ̀ débi tí wọn ò fi ní ga ju orúnkún lọ, á sì ní kí n máa rìn kọjá lórí wọn: orúnkún iwájú ló máa kọ́kọ́ gòkè, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn á ká sẹ́gbẹ̀ẹ́, á gba abẹ́ apá bọ́ síwájú. Àwọn ẹgbẹ́ mi tó ń sá ọgọ́rùn-ún mítà á kọjá fìrì, wọ́n á bú sẹ́rìn-ín. Èmi tí mo ti gba ife-ẹ̀yẹ níléèwé wá ń rìn bí adìyẹ tó ń la ẹrẹ̀ kọjá.

Nígbà tó gbà kí n sáré, ojú egbò ló kù. Ẹsẹ̀ ẹ̀yìn mi kì í ká dáadáa, kókósẹ̀ á gbá igi, màá sì fi orúnkún lélẹ̀. Àpá rẹ̀ ṣì wà lára mi dòní. "Má fò ó! Sá a kọjá!" ni Ọ̀gá máa ń pariwo. Ẹni tó bá pẹ́ lókè ń fi àkókò ṣòfò ni, nítorí kò sí ilẹ̀ tí yóò tì lẹ́sẹ̀ lókè ọ̀hún. Bí mo bá gbá họ́dù tó wó, kò gbọdọ̀ rí mi kí n wẹ̀yìn. Òfin eré nígbà náà kò ní kí wọ́n tìtorí ìyẹn lé ẹnikẹ́ni jáde, àfi tó bá mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é.

Lẹ́yìn náà ló fi ẹfun sàmì sílẹ̀ fún mi. Láti ìlà ìbẹ̀rẹ̀ dé họ́dù àkọ́kọ́, mítà 13. Láàrin ọ̀kan sí èkejì, mítà 8.5. Mẹ́wàá ni wọ́n, gíga wọn fún àwa obìnrin tó sẹ̀ǹtímítà 84, mítà 10.5 ló sì kù lẹ́yìn èyí tó kẹ́yìn. Ẹsẹ̀ mẹ́jọ dé àkọ́kọ́, lẹ́yìn ìyẹn ẹsẹ̀ mẹ́ta-mẹ́ta, kò sáyè fún ìkẹrin. Ọ̀gá ní igi kì í ṣe ìṣòro, ṣebí ojú kan náà ló wà láti àárọ̀, kò sì sẹ́ni tó fi í pa mọ́ fún mi. Ohun tí mo bá ṣe láàrin méjì ni yóò sọ bí mo ṣe máa kọjá.

Díákónì ni Ọ̀gá ní ìjọ Onítẹ̀bọmi, ṣùgbọ́n kì í wàásù lórí pápá. Òfin ló ń ṣe. Ẹnikẹ́ni nínú wa kò gbọdọ̀ gbàdúrà kí ẹlòmíràn ṣubú. Ẹni tó bá ti dé ibi tí àwọn eléré ti ń múra mọ̀ pé òfin yìí kò kéré. Ibẹ̀ làwọn kan ti ń fi ọṣẹ dúdú wẹsẹ̀, tí àwọn mìíràn ń so òǹdè mọ́dìí, tí àwa ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì náà sì ń fi orúkọ Jésù de ẹsẹ̀ àwọn tó wà ní lénì yòókù. Ọ̀gá bi wá pé ìyàtọ̀ wo ló wà níbẹ̀. "Àbí lénì tìẹ nìkan ni Ọlọ́run wà?" Ó ní kí a dúró lẹ́yìn búlọ́ọ̀kì, kí a dúpẹ́, kí a súre fún ẹni ọ̀tún àti ẹni òsì, kí a tó kúnlẹ̀ ti ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́. Èyí le fún mi ju kíká ẹsẹ̀ ẹ̀yìn lọ. Ẹnu mi á máa súre, inú mi á máa ṣépè. Ó máa ń mọ̀. "Tún un ṣe," ni yóò wí, ohùn kan náà tó fi ń sọ ọ́ bí mo bá gbá igi.

Bí a bá ń lọ sí ìdíje, pásítọ̀ á ka Hébérù orí 12 fún wa. Gbogbo wa la máa ń ṣe àmín sí eré tó wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n bó bá kan sùúrù, ẹnu á dákẹ́.

Nírọ̀lẹ́, lẹ́yìn ìdánrawò, Ọ̀gá á tò wá jókòó, á máa bi wá léèrè. Bí ẹnì kan bá ní kí o lọ búra fọ́jọ́ orí tí kì í ṣe tìẹ ńkọ́? Bí wọ́n bá ní abẹ́rẹ́ yìí, fítámì lásán ni ńkọ́? Ọ̀kọ̀ọ̀kan wa á dáhùn sókè. Ó tún kọ́ wa bí ọmọ Yorùbá ṣe ń kọ̀ fún àgbà: kúnlẹ̀, dúpẹ́, sọ pé o ò ní lè ṣe é, kí o sì dákẹ́. Ó ní nínú àlàyé púpọ̀ ni wọ́n ti ń rí ọ̀nà mú èèyàn. Nígbà tí alága kan pè mí sí kọ̀rọ̀ nítorí ọ̀rọ̀ ọjọ́ orí, orúnkún mi ti kanlẹ̀ kí n tó ronú. Wọ́n yọ orúkọ mi. Mo sunkún, àmọ́ ọ̀rọ̀ náà kò rú mi lójú.

Ìtàn Eric Liddell, ará Scotland, kò jìnnà sí ẹnu Ọ̀gá. Ní Paris lọ́dún 1924, ọjọ́ Ìsinmi ni ìpele àkọ́kọ́ eré 100 mítà bọ́ sí, kò sì sá a. Bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ fáwọn ọmọdé, èèyàn á rò pé àárọ̀ ọjọ́ náà ló pinnu. Ọ̀gá ní irọ́ ni. Liddell ti mọ̀ láti ọ̀pọ̀ oṣù ṣáájú, ó sì fi àwọn oṣù náà kọ́ 400 mítà. Lénì tó wà níta pátápátá ni wọ́n fún un, kò rí ẹnikẹ́ni níwájú tí yóò máa lé, síbẹ̀ ó gba wúrà pẹ̀lú ìṣẹ́jú àáyá 47.6. Ó di míṣọ́nnárì ní Ṣáínà, àhámọ́ àwọn ará Japan ló kú sí níbẹ̀ lọ́dún 1945.

Ní 2022, nígbà tí Tobi Amusan, ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde, sá eré họ́dù ní ìṣẹ́jú àáyá 12.12 ní Eugene, tí gbogbo ayé ń kígbe, Ọ̀gá mú fóònù súnmọ́jú. Ó ní kí n wo ẹsẹ̀ mẹ́ta yẹn. Kò ní kí n wo aago.

Èmi ni mo ń to họ́dù fáwọn ọmọbìnrin báyìí. Bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, màá gbé ohùn alága wọ̀, màá ní kí wọ́n wá búra. Wọ́n á máa rẹ́rìn-ín. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọ̀kan kúnlẹ̀ dáadáa, ó ní, "Ẹ ṣé, sà, mi ò ní lè ṣe é," ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé lọ bẹẹrẹ. Mo ní kó tún un ṣe.