Ẹ̀RỌ AGBÁLẸ̀ OLÓWÓ ŃLÁ: ǸJẸ́ Ó TÓ IYE TÍ WỌ́N Ń PÈ É?

  Ní ọdún 2024, ẹ̀yin ìjọ mọ́sálásí wa ní Ṣàngótẹ̀dó dá owó jọ, ẹ sì yan àwa márùn-ún pé kí a lọ ra ẹ̀rọ tí yóò máa fa eruku lára kápẹ́ẹ̀tì mọ́sálásí, èyí tí gbogbo wa ń pè ní fákúùmù. Ẹni tí a bá rán níṣẹ́, ó yẹ kó padà wá jẹ́ iṣẹ́ náà fún ẹni tó rán an. Nítorí náà ni a ṣe kọ ọ̀rọ̀ yìí sínú ìwé ìròyìn ọdọọdún wa, kí ẹnikẹ́ni tí ó bá fẹ́ ra irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ sílé ara rẹ̀ lè rí nǹkan kọ́ níbẹ̀.

Ẹni tó bá mọ àdúgbò wa yóò mọ̀ pé iyanrìn ni ilẹ̀ wa. Àárín ọ̀sà àti òkun ni a wà, wọ́n sì tún ń da iyanrìn sí ẹrẹ̀ káàkiri kí wọ́n tó lè kọ́lé sí i. Bí ọyẹ́ bá dé, eruku tó ti aṣálẹ̀ Sàhárà wá a tún bo gbogbo nǹkan mọ́lẹ̀. Ọmọ tó bá ṣe àlùwàlá tán, tó fi ẹsẹ̀ tútù gba orí ilẹ̀ kọjá, iyanrìn yóò lẹ̀ mọ́ ọn látẹ́lẹsẹ̀, inú kápẹ́ẹ̀tì ni yóò sì gbọ̀n ọ́n dà sí. Ẹ wá ro ti àwọn ọmọ ilé-kéwú tí wọ́n lé ní igba, lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́.

Ọ̀rọ̀ eruku yìí ì bá má kan ẹnikẹ́ni lára tó bẹ́ẹ̀, bí kò bá sí ti ọmọkùnrin kan ní kíláàsì kẹta. Ó ní ásímà, àìsàn tí í sé èèyàn ní èémí. Bí ó bá ti forí kanlẹ̀ nínú ìrun, ikọ́ á bẹ̀rẹ̀. Ní oṣù kìíní ọdún 2024, ọwọ́ ni a fi gbé e jáde níbi ìrun ọ̀sán, tí àyà rẹ̀ ń lọ sókè sódò bí ẹwìrì alágbẹ̀dẹ. Ìyá rẹ̀ fún un ní oògùn tí ó ń fà sẹ́nu, ara rẹ̀ sì wálẹ̀. Ṣùgbọ́n ìyá náà wo ojú wa, ó ní, “Ẹ̀yin ìyá mi, ṣé kí ọmọ mi má wá sí mọ́sálásí mọ́ ni?” Kò sí ẹni tó lè dá a lóhùn nínú wa.

Kì í ṣe pé a kò ní ẹ̀rọ tẹ́lẹ̀. Láàárín ọdún 2021 sí ìparí 2023, mẹ́ta ni a rà, olówó pọ́ọ́kú sì ni gbogbo wọn. Èkíní jẹ́ 38,000 náírà, èkejì 52,000, ẹ̀kẹta 65,000. Ọ̀kan jóná lóṣù karùn-ún, rọ́bà òmíràn ya, a kò sì rí irú rẹ̀ rà mọ́. Èyí tó burú jù ni pé bí wọ́n ti ń fa eruku níwájú ni wọ́n ń fẹ́ ẹ jáde lẹ́yìn. Bí a bá gbálẹ̀ tán, iyanrìn a ti lọ lóòótọ́, ṣùgbọ́n eruku kúlúkúlú tí ojú kò rí ti gba afẹ́fẹ́ kan, òun gan-an ni ọmọ alásímà yóò sì fà símú. Nígbà tí a ṣírò owó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ó jẹ́ 155,000 náírà. Bàbá Akápò wa mi orí, wọ́n ní, “Ọ̀pọ́ọ́kú yìí mà ti di ọ̀wọ́n mọ́ wa lọ́wọ́!”

Nígbà tí ẹ dá 1,200,000 náírà jọ, arákùnrin wa kan dìde, ó ní kí a má fi ọ̀rọ̀ falẹ̀ mọ́, kí a lọ ra èyí tó lórúkọ jù, tí kò ní wáyà, tí wọ́n ń pè ní 1,150,000 náírà lọ́jà. Ó ní ọbẹ̀ tó dùn, owó ló pa á. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ké “Allahu Akbar”. Ṣùgbọ́n Ìyá Àdínì ní kí a fara balẹ̀, nítorí bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Nínú owó náà ni ọrẹ àwọn opó wà àti ti àwọn tó ń kiri ọjà lójú ọ̀nà Ẹ̀pẹ́. Bí a bá fi ra ohun tí kò tó o, ọ̀dọ̀ ta ni a ó tún lọ?

A bẹ̀rẹ̀ sí í wádìí. Ohun tó kọ́kọ́ yà wá lẹ́nu ni pé ọ̀rọ̀ wa yìí kì í ṣe tuntun. Ní ọdún 1901, ọkùnrin kan ní Lọ́ńdọ̀nù, Hubert Cecil Booth, ṣe ẹ̀rọ tí ń fa eruku. Ó tóbi débi pé ẹṣin ni í fà á, ìta ni wọ́n ń gbé e dúró sí, wọn a wá na rọ́bà gígùn gba ojú fèrèsé wọlé. Òun ni wọ́n fi fa eruku kápẹ́ẹ̀tì ṣọ́ọ̀ṣì ńlá Westminster Abbey kí wọ́n tó dé Ọba Edward Keje ládé ní ọdún 1902. Ẹ ò rí i pé láti ìbẹ̀rẹ̀ ni kápẹ́ẹ̀tì ilé ìjọsìn ti ń yọ ènìyàn lẹ́nu.

Èyí tó kàn wá jù ni ti James Murray Spangler. Iṣẹ́ agbálẹ̀ ló ń ṣe nínú ilé ìtajà kan ní ìlú Canton, ní ìpínlẹ̀ Ohio, ní Amẹ́ríkà, ásímà sì ń bá a jà. Ó fura pé eruku kápẹ́ẹ̀tì ló ń dá òun ní ikọ́. Ó mú fáànù oníná, igi ìgbálẹ̀ àti àpò ìrọ̀rí, ó fi wọ́n ṣe ẹ̀rọ tí ọwọ́ lè tì. Ní ọdún 1908 ni ìjọba fún un ní ìwé ẹ̀tọ́ lé e lórí, lẹ́yìn náà ni ó tà á fún ìdílé Hoover, tí ayé fi mọ orúkọ wọn títí dòní. Nítorí náà, ẹni tí kò rí èémí mí ló jókòó ronú ẹ̀rọ yìí, kì í ṣe ọlọ́rọ̀ tó ń wá afẹ́.

Kí wá ni ohun tí ẹ̀rọ olówó ńlá fi ń gba owó lọ́wọ́ ènìyàn? A rí i pé nǹkan mẹ́rin ni.

Èkíní ni asẹ́ rẹ̀. Ojúlówó asẹ́ tí wọ́n ń pè ní HEPA, nínú 10,000 eruku tó kéré gan-an, bóyá mẹ́ta ni yóò ráyè gba inú rẹ̀ kọjá. Èkejì ni pé ara ẹ̀rọ náà kì í jò. Asẹ́ dáadáa nínú ẹ̀rọ tó ń jò dà bí ẹni tó ti ilẹ̀kùn tó ṣí fèrèsé sílẹ̀. Ẹ̀kẹta ni ẹ̀ńjìnnì àti búrọ́ọ̀ṣì tí ń yí. Miele, ilé-iṣẹ́ Jámánì tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1899, sọ pé àwọn ń dán ọjà wọn wò bí ẹni pé yóò lo 20 ọdún. Ẹ̀kẹrin ni ìwádìí àti orúkọ. James Dyson, ará Bìrìtìkó, ṣe ẹ̀rọ ìdánwò 5,127 kí èyí tí kò nílò àpò tó dára lójú rẹ̀, ọdún 1993 ni èyí tó kọ́kọ́ fi orúkọ ara rẹ̀ tà dé ọjà ní orílẹ̀-èdè rẹ̀. Irú làálàá bẹ́ẹ̀, ẹni tó bá ra ọjà ni yóò san án.

Ohun tí kò yẹ kó tàn wá jẹ ni iye wáàtì tí wọ́n ń kọ sára páálí. Wáàtì ni iye iná tí ẹ̀rọ ń jẹ, kì í ṣe iye ìdọ̀tí tí yóò fà. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2014, àwọn ìjọba Ìṣọ̀kan Yúróòpù ní kí ẹ̀rọ agbálẹ̀ tuntun má jẹ ju 1,600 wáàtì lọ, nígbà tó sì di 2017, wọ́n sọ ọ́ di 900. Ilé wọn kò tìtorí ìyẹn dọ̀tí.

Lẹ́yìn èyí ni a tẹ ìyá kan láago ní Lọ́ńdọ̀nù, ọmọ àdúgbò wa tó ti ń ṣe iṣẹ́ agbálẹ̀ ọ́fíìsì níbẹ̀ tipẹ́. A bi í pé irú èwo ni òun fi ń ṣiṣẹ́. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, “Henry ni o, ẹ̀yin ìyá mi, elérìn-ín lójú!” Ẹ̀rọ pupa kan ni, tí wọ́n ya ojú sí, ilé-iṣẹ́ Numatic ní Bìrìtìkó ló ń ṣe é láti nǹkan bí ọdún 1981. Owó rẹ̀ kò sún mọ́ ti àwọn olórúkọ ńlá rárá. Ìyá náà ní àwọn tó ń fi ẹ̀rọ jẹun kì í wo ẹwà. Ohun tí wọ́n ń béèrè ni pé bí rọ́bà bá ya, ṣé a ó rí òmíràn? Bí àpò bá kún, ṣé ó ṣeé pààrọ̀ kíákíá? Ọ̀rọ̀ yìí wọ̀ wá lára.

Ẹnu kọ́ ni a ó fi mọ̀ ọ́n, a dán an wò. Ọmọ ìjọ wa kan ní Ajah yá wa ní èyí tí kò ní wáyà, olówó ńlá. A tún yá ẹlẹ́ran-gbọ̀ọ̀rọ̀ kan, èyí tó dà bí garawa, tó ní àpò àti wáyà gígùn, tí wọ́n ń pè ní 185,000 náírà. Ní àárọ̀ Sátidé kan, a pín kápẹ́ẹ̀tì sí méjì dọ́gba, a sì fi ìwọ̀n tí ìyá ẹlẹ́ja kan fi ń tajà wọn ìdọ̀tí tí wọ́n kó. Olówó ńlá mú eruku kúlúkúlú dáadáa, òórùn eruku kò sì sí lẹ́yìn rẹ̀ rárá. A kò lè purọ́ mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n nígbà tí a fi í sí agbára tó ga jù, bátìrì rẹ̀ kò lò tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá, a kò tíì dé sáfù kẹta. Ó gba wákàtí púpọ̀ kí ó tó tún kún, iná sì ti lọ. Ẹlẹ́ran-gbọ̀ọ̀rọ̀ ń pariwo bí ẹ̀rọ ọlọ́ta, ṣùgbọ́n nígbà tí a rọra tì í lọ tì í bọ̀ lẹ́ẹ̀mejì lójú kan náà, iyanrìn tí ó kó pọ̀ ju ti èkejì lọ. Ibi tí ó ti kùnà ni asẹ́ rẹ̀, asẹ́ sì ṣeé pààrọ̀ sí èyí tó dára.

A tún wo ọ̀rọ̀ iná. Jẹnẹrétọ̀ kékeré tí gbogbo ènìyàn ń pè ní I-better-pass-my-neighbour kò lè gbé ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀. Ti mọ́sálásí wa tóbi jù ú lọ, ó gbé e. Ẹ sì ṣọ́ra fún tòkunbọ̀ tó bá ti Amẹ́ríkà wá: iná tiwọn 120 fóòtì ni, tiwa 230. Ẹni tó bá kì í bọ ògiri bẹ́ẹ̀, èéfín ni yóò rí.

Ìṣirò wá parí ọ̀rọ̀ náà. Àwọn ọ̀pọ́ọ́kú mẹ́ta náà gba bíi 52,000 náírà lọ́wọ́ wa lọ́dún kan. Kí ẹ̀rọ 1,150,000 náírà tó san owó ara rẹ̀ padà nípa ìyẹn, ó gbọ́dọ̀ lò tó ọdún 22, kí bátìrì rẹ̀ má sì kú. Lóòótọ́, láti oṣù kẹfà ọdún 2023 tí ìjọba ti jẹ́ kí náírà máa wá ipò ara rẹ̀ lójú dọ́là ni gbogbo ọjà òkè òkun ti wọ́n sí i; ṣùgbọ́n bátìrì olówó ńlá náà òkè òkun ni yóò ti wá.

Nítorí náà, a ra ẹlẹ́ran-gbọ̀ọ̀rọ̀ ní 185,000. A fi 45,000 ra asẹ́ dáadáa àti àpò. A fi 260,000 da kọnkéré, a sì lẹ táìsì láti ibi àlùwàlá dé ẹnu ọ̀nà, kí ẹsẹ̀ tútù má tẹ iyanrìn mọ́. A fi 40,000 ra ìnusẹ̀. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 530,000 náírà. 670,000 tó kù wà lọ́wọ́ Bàbá Akápò, ìjọ ni yóò sọ ohun tí a ó fi ṣe.

Ẹ jẹ́ kí a sọ òótọ́: táìsì ẹnu ọ̀nà yẹn ṣe wá láǹfààní ju ẹ̀rọ lọ. Ìdọ̀tí tí kò wọlé, kò sí ẹni tí yóò fà á. Láti ìgbà náà, ìdajì àpò ni à ń dà nù lọ́sẹ̀, níbi tí a ti ń da odidi tẹ́lẹ̀. Ọjọ́ Sátidé ni à ń fa eruku, a kì í sì í jẹ́ kí ọmọ kankan wọlé títí eruku yóò fi rọlẹ̀.

Ọmọ wa ńkọ́? Ikọ́ rẹ̀ kò tán, nítorí ẹ̀rọ kì í ṣe dókítà. Ṣùgbọ́n a kò tíì tún fi ọwọ́ gbé e jáde. Ìyá rẹ̀ pẹ̀lú ká kápẹ́ẹ̀tì iyàrá rẹ̀ nílé, ó ń fi omi nu ilẹ̀ lásán, kò sì ná kọ́bọ̀ lórí ẹ̀rọ.

Bí ẹnikẹ́ni bá bi wá bóyá ẹ̀rọ olówó ńlá tó owó rẹ̀, èsì wa nìyí. Ẹni tí iná rẹ̀ dúró, tí kápẹ́ẹ̀tì rẹ̀ kéré, tí alásímà wà nílé rẹ̀, tí owó náà kò sì ni ín lára, ó lè tó o. Ẹni tó bá ń ra ọ̀pọ́ọ́kú léraléra, ó ń tan ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n fún ìjọ bíi tiwa, ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́.

Ní ọjọ́ Jímọ̀ tó kọjá, a wo ẹ̀yìn wò nígbà tí ìrun parí. Ọmọ náà wà ní sáfù kejì láàárín àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, ó forí kanlẹ̀ pẹ́, ó sì gbé e sókè láìwúkọ́. Àwa ìyá wo ara wa, a kò sọ nǹkan kan.