Ohun Tí Ara Gbé Kúrò Ní Bódìjà

Ní alẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 16 oṣù kìn-ín-ní ọdún 2024, nǹkan bú gbàù ní Dejo Oyelese Close ní Old Bódìjà, ilẹ̀ Ìbàdàn sì mì tìtì. Àwa tó jìnnà síbẹ̀ pàápàá rò pé ẹ̀yìnkùlé wa ni. Gómìnà Ṣèyí Mákindé ṣàlàyé pé àwọn awakùsà tí kò gbàṣẹ ló kó ohun abúgbàù pamọ́ sínú ilé kan. Àwọn kan kú, àwọn tó fara pa lé ní 70, ọ̀pọ̀ ilé sì dahoro.

Àǹtí mi kan ń gbé lápá ibẹ̀. Kò fara pa rárá. Ó kó lọ sọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀ ní àdúgbò Challenge, ọdún yẹn náà ló sì fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba. Ilé lọ, iṣẹ́ lọ, àwọn aládùúgbò tó ti bá gbé láti ìgbà èwe lọ. Bí ẹnikẹ́ni bá ti gbá ilẹ̀kùn, àyà rẹ̀ á já, èjìká rẹ̀ á ká sókè, oúnjẹ ò ní gba ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ mọ́. Wọ́n ní kó gbàdúrà kó sì gbàgbé. Ó gbàdúrà. Ara rẹ̀ kò gbàgbé.

Àwọn dókítà ọpọlọ ti ṣàkíyèsí èyí lára wa tipẹ́. Lọ́dún 1987, ọ̀kan nínú wọn, Mákanjúọlá, kọ̀wé lórí ọdẹ orí: aláìsàn á ní nǹkan ń rìn nínú orí òun, àyà òun ń já, òun ò rí oorun sùn. Ìrònú àti ìbẹ̀rù ló sì sábà máa ń wà nídìí rẹ̀. Bí ewu bá dé, ara á múra ìjà tàbí eré sísá, ọkàn á máa lù kìkì, iṣan á le. Ó yẹ kó rọlẹ̀ bí ewu bá kọjá. Lára àwọn mìíràn, kì í rọlẹ̀.

Inú ara tí kò rọlẹ̀ yìí ni ìtọ́jú tí àǹtí mi rí gbà ti bẹ̀rẹ̀. Obìnrin tó tọ́jú rẹ̀ kò sọ fún un pé kó ròyìn ohun tó ṣẹlẹ̀. Ó bi í bóyá ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ilẹ̀, àti ibi tó ti le lára rẹ̀. Ó ní kó máa mí síta pẹ́ ju bó ṣe ń mí sínú lọ, torí èyí a máa dín bí ọkàn ṣe ń lù kù. Bí ẹ̀rù bá dé, wọ́n á dúró. Kò fọwọ́ kàn án láìgbàṣẹ. Díẹ̀díẹ̀, oorun padà.

Mi ò ní sọ ju bó ṣe mọ lọ. Ẹ̀rí tó wà fún irú ìtọ́jú tó ń gba inú ara kọjá yìí kò tíì pọ̀. Ní Amẹ́ríkà, dókítà ọpọlọ Bessel van der Kolk àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ìwádìí kan jáde ní 2014 lórí obìnrin 64 tí ìpayà ti wọ̀ lára. Àwọn tó ṣe yoga fún ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá sàn ju àwọn tó kẹ́kọ̀ọ́ ìlera lásán lọ. Àyà jíjá sì lè jẹ́ ẹ̀jẹ̀ ríru. Ẹ kọ́kọ́ rí dókítà.

Ṣùgbọ́n ó dá mi lójú pé a mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé ó yẹ kí ara náà kópa bí ayé ẹni bá yí padà. Ní ilẹ̀ Ọ̀yọ́ láyé àtijọ́, ìyàwó kì í fi ilé baba rẹ̀ sílẹ̀ lásán. Á sun ẹkún ìyàwó, á fi ohùn àti omijé dágbére fún ìyá, fún baba, fún ẹgbẹ́. Abiyamọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, ìyá àgbà á wẹ̀ ẹ́, á fi aṣọ gbígbóná tẹ ikùn rẹ̀, á fi ẹ̀kọ gbígbóná bọ́ ọ. Nígbà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Lambo, tó jẹ́ dókítà ọpọlọ, bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú ní ilé ìwòsàn ọpọlọ Arò, Abẹ́òkúta, ní 1954, ó fi àwọn aláìsàn sí abúlé pẹ̀lú ẹbí wọn, wọ́n sì ń ṣiṣẹ́ oko. Kí la ní fún ẹni tó ń fẹ̀yìn tì lónìí? Kéèkì, àwo-ẹ̀yẹ, fọ́tò, ó parí. Ìyá tí ọmọ rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ Kánádà, fọ́tò pápákọ̀ òfuurufú nìkan ló kù sí i lọ́wọ́. Èyí dùn mí gan-an.

Ohun tó tún ń pa wá lára ni ìbẹ̀wò wa. Olùbánikẹ́dùn mẹ́wàá á dé lóòjọ́, gbogbo wọn á bèèrè pé, "Báwo ló ṣe ṣẹlẹ̀?" Ẹni tó ń jìyà á sì máa padà sínú ìpayà náà nígbà mẹ́wàá. Ìwé ìtọ́sọ́nà tí Àjọ Ìlera Àgbáyé (WHO) gbé jáde ní 2011 lórí bí a ṣe ń ran ẹni tí àjálù bá lọ́wọ́ kìlọ̀ pé kí a má ṣe fipá mú un ròyìn.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí, bí ẹ bá lọ kí ẹni tó pàdánù ilé, iṣẹ́ tàbí ọkọ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bi í bó ṣe ṣẹlẹ̀. Ẹ bá a fọ abọ́, ẹ bá a rìn dé ìkòríta, ẹ jókòó tì í. Bí oṣù kan bá kọjá tí kò rí oorun sùn, ẹ mú un lọ sí ẹ̀ka ìtọ́jú ọpọlọ ní ilé ìwòsàn UCH, Ìbàdàn. Ibẹ̀ kì í ṣe ti wèrè nìkan.