Ọmọ Kan, Ilé Ìwé Méjì
Ní Ìjẹ̀gun-Ẹ̀gbá l'Ékòó níbí, ọ̀nà tí táńkà epo ń gbà ni àwọn ọmọ wa ń gbà bọ̀ láti ilé ìwé. Bí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ bá mú wọn, oòrùn á ti máa wọ̀ kí wọ́n tó délé. Wọn ò tíì bọ́ yúnífọ́ọ̀mù tán tí àwa òbí á ní, "Ó yá, gbé Kùránì rẹ, ilé kéwú ti bẹ̀rẹ̀." Ọmọ á lọ, á máa tòògbé lórí súrà. Ó ń dùn mí. A ní ẹ̀kọ́ ẹ̀sìn ni ìpìlẹ̀ ayé ọmọ, agbára tó ṣẹ́kù lára rẹ̀ la sì ń fún un.

Ìdí nìyí tí ilé ìwé tó pa méjèèjì pọ̀ fún ọmọkùnrin fi wù mí: kí wọ́n ké kéwú láàárọ̀ nígbà tí orí ṣì fúyẹ́, kí wọ́n jọ kírun, kí sáyẹ́ǹsì tẹ̀lé e. Ọmọkùnrin ni mo ń sọ, nítorí púpọ̀ nínú wọn, bí wòlímọ̀ bá ti parí, tàbí tí WAEC bá ti ń sún mọ́lé, a kì í rí wọn ní ilé kéwú mọ́.

Ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́ l'Ékòó. Nígbà tí ilé ìwé wà lọ́wọ́ àwọn míṣọ́nnárì, ọ̀pọ̀ Mùsùlùmí fi ọmọ wọn sílé, kí wọ́n má baà fi orúkọ ìrìbọmi pè é. Ní 1896 ni ìjọba dá ilé ìwé sílẹ̀ fún ọmọ Mùsùlùmí. Edward Blyden, tó ti jẹ́ àlùfáà ìjọ Kristẹni rí, wà lára àwọn tó ṣe é yọrí. Ẹgbẹ́ Mùsùlùmí Ansar-Ud-Deen, tó ń dá ilé ìwé sílẹ̀, dìde ní 1923. Sheikh Adam Al-Ilory dá ilé kéwú Markaz sílẹ̀ ní Abẹ́òkúta ní 1952, ó sì gbé e wá sí Agége ní 1955.

Ṣùgbọ́n kí olùkọ́ kéwú àti olùkọ́ ìṣirò wà lábẹ́ òrùlé kan náà kò tó, bí wọn ò bá bára wọn sọ̀rọ̀. Ẹ wo ogún pínpín nínú ẹ̀sìn wa: bí ọkùnrin bá kú, tó fi ìyá, ìyàwó àti àwọn ọmọ sílẹ̀, ìyàwó gba 1/8, ìyá gba 1/6. Kí olùkọ́ ìṣirò gbà á láti ibẹ̀, kí ọmọ fúnra rẹ̀ rí i pé 17/24 ló kù fún àwọn ọmọ, kó wá pín in, kí ọkùnrin kọ̀ọ̀kan gba ìlọ́po méjì ti obìnrin. Kó ṣírò sàká pẹ̀lú, ìdá kan nínú 40. Nínú ìwé tí Al-Khwarizmi kọ ní Baghdad lórí áljẹ́bírà, ní nǹkan bí 1,200 ọdún sẹ́yìn, odindi apá kan ló fi sílẹ̀ fún ogún pínpín.

Ọmọ mi ọkùnrin yóò wọ JSS 1 láìpẹ́. Gbogbo ilé ìwé tí mo bá wọ̀ ni mo ń bi léèrè ẹni tó ń kọ́ wọn ní ogún pínpín, àti bóyá olùkọ́ ìṣirò mọ̀ sí i. Yàrá kọ̀ǹpútà ni wọ́n sábà máa ń kọ́kọ́ fi hàn mí. Mo máa ń wò ó, mo máa ń dúpẹ́, màá sì tún béèrè.