Ọ̀sán Sátidé
Ní ilẹ̀ Faransé, ọdún 3 ni a là sílẹ̀ fún ìwádìí oyè ọ̀mọ̀wé, owó ìrànwọ́ mi kò sì ní kọjá bẹ́ẹ̀. Lójú oorun pàápàá, oṣù tó kù ni mò ń kà. Síbẹ̀, n kò jẹ́ yọ̀ǹda ọ̀sán Sátidé fún ìwé. Àwa mẹ́ta, ọmọ Kétu àti Àjàṣẹ́, a máa ń ta ayò ní Paris, iṣu tí a rà ní Château-Rouge (ó wọ́n púpọ̀!) a sì máa hó lórí iná. Ẹni tó bá ń ro ìwé rẹ̀ níwájú ọmọ ayò 48, kíá ni yóò di ọ̀pẹ.

Ìyá mi pè láti ilé: «Ṣé ayò lo bá lọ ni?»

«Ìwé ni, Ìyá mi, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n ta èyí tán.»