Ọjọ́ Kan ní Wídà: Ohun tí a ó Jẹ, Ohun tí a ó Rí, Ohun tí a ó Sọ fún Ọmọ

Bí ìsinmi ilé-ìwé bá ti ń sún mọ́, ọ̀pọ̀ òbí a máa wá ibi tí wọn yóò mú ọmọ lọ kí ojú wọn là díẹ̀. Ọ̀pọ̀ a ní Kùtọnu ni. Èmi á ní kí ẹ kọjá Kùtọnu, kí ẹ gba ìhà ìwọ̀-oòrùn bí 40 kìlómítà, kí ẹ dé Wídà. Ará Àjàṣẹ́ lè lọ kí ó sì bọ̀ lọ́jọ́ kan náà. Ẹni tí ó bá ti Kétu tàbí Sábẹ wá, kí ó sùn ní Kùtọnu mọ́jú, kí ó tètè jí.

Ẹ jẹ́ kí a fi Mísà àárọ̀ bẹ̀rẹ̀. Ṣọ́ọ̀ṣì ńlá Màríà Aláìlábàwọ́n wà láàrin ìlú. Láàrin 1903 sí 1909 ni wọ́n kọ́ ọ, ó sì di basílíkà ní 1989. Inú rẹ̀ ni Póòpù Benedict XVI ti fọwọ́ sí ìwé tí ó kọ sí Ìjọ ilẹ̀ Áfíríkà, Africae Munus, ní ọjọ́ 19 oṣù Kọkànlá 2011. Bí ẹ bá jáde síta, ilé Dangbé, òrìṣà erè, ni ẹ ó rí ní òdìkejì. Ẹnu á ya ọmọ. Ẹ má bú ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Póòpù Jòhánù Páúlù Kejì pàápàá pàdé àwọn àgbà ẹlẹ́sìn vodun ní Kùtọnu ní oṣù Kejì 1993, ó bá wọn sọ̀rọ̀ tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ẹni tí ìgbàgbọ́ rẹ̀ fẹsẹ̀ múlẹ̀ kì í sọ òkò sí ilé aládùúgbò.

Nígbà náà ebi yóò ti máa pa ọmọ. Ẹ yà sí ọ̀dọ̀ àwọn ìyá tí ń ta oúnjẹ. Ẹ ó rí ẹ̀kọ tí wọ́n ń pè ní àkàsà, nínú ewé, pẹ̀lú ẹja díndín, àti ata, tòmátì òun àlùbọ́sà tútù. Ẹ ó rí àblò tí ó dùn díẹ̀ lẹ́nu, àti amiwo pupa tí wọ́n fi omi ọbẹ̀ adìẹ rò. Ẹ jókòó, kí ẹ fọwọ́ jẹun, kí ẹ kí ìyá olóúnjẹ dáadáa.

Lẹ́yìn oúnjẹ, ẹ rìn gba àdúgbò Brésil àti Maro. Àwọn tí ó ti oko ẹrú Bàhíà padà wá wà lára àwọn tí ó tẹ ibẹ̀ dó, pàápàá lẹ́yìn ọ̀tẹ̀ tí àwọn ẹrú dì níbẹ̀ ní oṣù Kìn-ín-ní 1835. Ọmọ Yorùbá ni ọ̀pọ̀ nínú wọn. Wọ́n mú iṣẹ́ bíríkìlà àti iṣẹ́ káfíńtà bọ̀, wọ́n mú orúkọ Pọtogí bọ̀, wọ́n mú ẹ̀wà tí a fi ẹran ẹlẹ́dẹ̀ sè bọ̀. Mùsùlùmí wà nínú wọn, onírìbọmi sì wà nínú wọn tí ń gbàdúrà kí àwọn àlùfáà Lyon tó dé rárá. Àwọn ni a ń pè ní Àgùdà. Láti ara orúkọ wọn ni Yorùbá fi ń pe ìjọ wa ní Ìjọ Àgùdà. Ẹ sọ fún ọmọ yín pé ẹni tí a tà, tí ó sì padà, ló fún wa lórúkọ.

Ẹ wá lọ sí odi Pọtogí. 1721 ni wọ́n kọ́ ọ, wọ́n sì fi orúkọ Jòhánù Mímọ́ Onítẹ̀bọmi pè é. Òwò ẹrú ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀. Nínú odi kan náà ni àwọn àlùfáà Francesco Borghero àti Francisco Fernandez wọ̀ sí nígbà tí wọ́n gúnlẹ̀ ní ọjọ́ 18 oṣù Kẹrin 1861. Odi náà wà lọ́wọ́ Pọtogí títí di 1961. Wọ́n dáná sun ún kí wọ́n tó lọ. Ní 1967 ó di ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé. Ẹ kọ́kọ́ béèrè bóyá ó ṣí lọ́jọ́ tí ẹ bá dé. Ẹ̀kọ́ kan wà níbẹ̀ fún àwa Kristẹni: orúkọ ẹni mímọ́ lára ògiri kò sọ iṣẹ́ inú ilé di mímọ́.

Ẹ má gbàgbé sẹminárì Saint-Gall, tí a dá sílẹ̀ ní 1914. Nínú ilé àdúrà rẹ̀ ni wọ́n sin Kádínà Bernardin Gantin sí, ẹni tí ó kú ní 2008. Ó jẹ́ olórí ẹgbẹ́ àwọn Kádínà láti 1993. Ní 2002, ní ọmọ 80 ọdún, ó fi ipò náà sílẹ̀, ó sì padà wálé. Ẹ gbàdúrà kúkúrú níbẹ̀.

Nígbà tí oòrùn bá rọ̀, ẹ gba Ọ̀nà Ẹrú. Bí kìlómítà 4 ni láti ìlú dé etí òkun; bí àwọn ọmọ bá kéré, ẹ gun zemijan. Àwọn onímọ̀ ìtàn ṣírò pé ènìyàn tí a kó gba Wídà lọ ju mílíọ̀nù kan lọ. Lójú ọ̀nà, wọ́n á sọ fún yín nípa igi ìgbàgbé: wọ́n ní ọkùnrin á yí i ká lẹ́ẹ̀mẹ́sàn-án, obìnrin lẹ́ẹ̀méje, kí wọ́n lè gbàgbé ilé. Wọn kò gbàgbé. Ní 1860 ọkọ̀ Clotilda kó ènìyàn bí 110 láti Wídà lọ sí Alabama ní Amẹ́ríkà. Kossola wà nínú wọn, ọmọ Yorùbá tí àwọn onímọ̀ tọ́ka sí ìhà Bantè wa. Ó kú ní 1935, ó sì ń sọ̀rọ̀ ilé títí ó fi darúgbó.

Kí ẹ tó dé òkun, ẹ ó kan ọ̀sà ní Djègbadji. Àwọn obìnrin ibẹ̀ a máa ha ilẹ̀ oníyọ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, wọ́n á sẹ́ omi gba inú rẹ̀, wọ́n á sè é títí iyọ̀ yóò fi hù nísàlẹ̀ ìkòkò. Ẹ ra díẹ̀ lọ sílé.

Ní etí òkun ni Ẹnu-ọ̀nà Àìpadà wà, tí wọ́n kọ́ ní 1995. Kò jìnnà síbẹ̀ ni ohun ìrántí Júbílì ọdún 2000 wà, fún àwọn tí ó mú Ìhìnrere wá. Ọmọ kì í ṣaláìbéèrè níbẹ̀ pé: “Bàbá, ta ló tà wọ́n?”

Ìbéèrè yìí ni mo torí rẹ̀ kọ̀wé. Bí a bá ní “Òyìnbó ni,” ààbọ̀ òótọ́ ni. Òyìnbó tí ń jẹ́ Kristẹni ló rà, ló kó wọn sọ́kọ̀. Ṣùgbọ́n ogun Dàhòmì, tí ó gba Wídà ní 1727, ló kó púpọ̀ wá. Àwọn ìlú Yorùbá pẹ̀lú sì ń jagun, wọ́n ń ta ara wọn. Kétu kò ní í gbàgbé 1886, nígbà tí Dàhòmì tú ìlú náà, tí wọ́n kó ènìyàn lọ sí Àgbómè. Lónìí ọmọ Fọ̀n àti ọmọ Yorùbá jọ ń jókòó lórí bẹ́ǹṣì kan ní katikísì. A kò sọ ọ́ láti gbẹ̀san. Àwọn arákùnrin Jósẹ́fù ló tà á ní 20 owó fàdákà; Jósẹ́fù kò sì fi í pamọ́ pé wọ́n tà á. Ó sọ ọ́ lójú wọn, ó gbá wọn mọ́ra, ó sì bọ́ wọn.

Bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Ẹ jẹ́ kí a wo inú ilé pẹ̀lú. Ọmọ ọlọ́mọ tí a gbà sílé láti ràn wá lọ́wọ́, vidomègon, ṣé ó ń lọ sí ilé-ìwé? Ṣé ó ń jẹun nígbà tí àwọn tí a bí ń jẹun? Ẹ̀yin òbí tí ẹ fi ọmọ ránṣẹ́ sí Kùtọnu tàbí Èkó, ẹ ti lọ wo ibi tí ó ń sùn rí? Bí ọmọ kan bá wà tí a fi owó gbà tí ẹnìkan kò bẹ̀ wò, Ọ̀nà Ẹrú kò tíì parí.

Ẹ má jẹ́ kí àwọn ọmọ wẹ̀ nínú òkun, nítorí omi ibẹ̀ a máa fa ènìyàn lọ. Ẹ ra àgbọn fún wọn, kí wọ́n mu omi rẹ̀. Ẹ ka Bàbá Wa kan àti Mo Kí Ọ Màríà kan fún àwọn tí ó lọ tí wọn kò padà. Bí ọmọ ọlọ́mọ bá wà nílé yín, ẹ mú òun náà lọ.